Kí Wọ́n Tó Ya Àwòrán Ilé Èrò

Ìjókòó mẹ́fà, kọ́kọ́rọ́ kan

Ìgbà ọyẹ́ ni. Bàálù tó yẹ kó gbé wa ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì dé títí aago méjì ọ̀sán fi lù, torí eruku ọyẹ́ ti bo ojú sánmà débi pé awakọ̀ kankan ò lè rí ilẹ̀ tí yóò bà sí. Pápákọ̀ òfurufú kékeré kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mábù tó ń dán yinrin ni wọ́n fi ṣe ògiri àbáwọlé, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ẹni tó ṣí i sára òkúta dúdú. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn tí èrò ń dúró sí, ìjókòó onírin mẹ́fà péré ni ẹsẹ̀ wọn ṣì pé, àwa tá a sì wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rin.

Obìnrin kan gbé bàbá rẹ̀ wá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ibikíbi tó bá ti kẹ̀kẹ́ náà sí, ó dí ọ̀nà ẹlòmíì. Nígbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n bàbá, wọ́n bá ilé ìtọ̀ ní títì. Sìkiọ́rítì tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ jẹun. "Ẹ má bínú, Mọ̀mí," ni ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀ wí fún obìnrin náà, "bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣí i, omi ò sí níbẹ̀."

Bàálù ò wá mọ́ lọ́jọ́ náà. A wọ mọ́tò, a gba títì lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé èrò pápákọ̀ kan kí wọ́n kọ́ tuntun, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní tẹ́mínà, ẹwà rẹ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ilé tí ènìyàn ti ń dúró de nǹkan ni tẹ́mínà. Bàálù kì í pẹ́ níbẹ̀; ènìyàn ló ń pẹ́. Bí ìlú bá sì ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró náà ṣe ń gùn sí i, torí ibẹ̀ kò ní mọ́tò tí wọn yóò wọ̀ bí bàálù ò bá wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, sí ibi tí òtútù ti ń pa ènìyàn, ká lè rí bí wọ́n ṣe ń ro irú ilé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìlà kalẹ̀.

Ìlú tí ojú sánmà jẹ́ títì rẹ̀

Iqaluit ni olú ìlú Nunavut, ní ìhà àríwá Kánádà lọ́hùn-ún. Ní èdè Inuktitut tí àwọn onílẹ̀ ń sọ, ibi tí ẹja pọ̀ sí ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Frobisher Bay ni wọ́n ń pè é kó tó di 1987. Ilẹ̀ Nunavut tóbi ju Nàìjíríà méjì lọ, síbẹ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò tó 50,000. Ìlú àti ìletò 25 ni wọ́n pín ara wọn sí, kò sì sí títì tó so ìlú kan mọ́ èkejì. Rélùwéè kò sí. Ọkọ̀ ojú omi ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìkan, nígbà tí òkun bá yọ́. Fún oṣù tó kù lọ́dún, bàálù ni títì, òun ni dánfó, òun ni àńbúláǹsì, òun náà sì ni ọkọ̀ tó ń gbé òkú wálé.

Ọdún 1942 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà dá pápákọ̀ náà sílẹ̀, kí bàálù ogun tó ń lọ sí Yúróòpù lè rí ibi bà sí. Ọmọ ilẹ̀ náà kan, Nakasuk, ló fi ilẹ̀ tó tẹ́jú hàn wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ kíyè sí i: kò sí ìlú ńlá níbẹ̀ nígbà yẹn. Pápákọ̀ ló bí ìlú, ìlú kọ́ ló bí pápákọ̀. (Ìkejà tiwa náà, ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe ọ̀nà bàálù rẹ̀. Ogun ló ti yan ààyè fún ọ̀pọ̀ pápákọ̀ tá à ń lò, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ibẹ̀ rọrùn fún ìyá arúgbó.)

Ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n kọ́ tẹ́mínà kan síbẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè pòn-ọ́n bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Nínú ilẹ̀ tó funfun fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún, ẹnikẹ́ni kò lè ní òun ò rí i. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1999 ni wọ́n dá Nunavut sílẹ̀, Iqaluit di olú ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba ya dé. Títí di 2016, ènìyàn ibẹ̀ ti lé ní 7,700. Ilé ìyeyè náà há. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tuntun ní 2013, wọ́n sì ṣí tẹ́mínà tuntun ní August 2017.

Ilẹ̀ tí kò gbọdọ̀ yọ́

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù.

Ilẹ̀ Iqaluit dì láti ìsàlẹ̀ wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkè rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ́, bí ìwọ̀n gíga ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Yìnyín wà nínú erùpẹ̀ náà, ní ibòmíì ó tilẹ̀ gún wọ inú ilẹ̀ bí irin ṣónṣó tí agẹgi ń fi la igi. Níwọ̀n ìgbà tó bá dì, ó le bí àpáta. Bó bá yọ́, ó di ẹrẹ̀, ilé tó wà lórí rẹ̀ á sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ wá wo ìṣòro náà dáadáa. Ilé tó bá móoru ni ènìyàn nílò níbi tí òtútù ti ń lọ sí dígírì 30 sísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n ooru ilé náà ló máa yọ́ ilẹ̀ tó gbé ilé dúró. Ilé ń jẹ ìpìlẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ọgbọ́n kan fún ilé gbígbé: wọ́n máa ń gbé e sórí òpó, kí atẹ́gùn tútù lè máa fẹ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí ooru má bàa dé ilẹ̀. Ó dára fún ilé oníyàrá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tẹ́mínà ńkọ́? Ọkọ̀ ẹrù gbọ́dọ̀ lè wakọ̀ wọlé. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbọ́dọ̀ lè yí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ bàálù láìgun àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ sókè, ẹ ti fi ẹrù lé aláìsàn lọ́wọ́.

Ọgbọ́n kejì ni wọ́n máa ń lò fún ilé ńlá lágbègbè yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń se ẹ̀kọ tàbí ọbẹ̀ mọ̀ ọ́n láìmọ̀ ọ́n. Bí ọbẹ̀ bá ń hó, ooru rẹ̀ á gòkè lọ lu ìdérí ìkòkò. Torí ìdérí tutù díẹ̀, ooru náà á padà di omi, á sì kán padà sínú ọbẹ̀. Wọ́n máa ń ri páìpù tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀ pa sábẹ́ ilé, ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, orí rẹ̀ yọ síta. Gáàsì wà nínú rẹ̀. Nígbà òtútù, atẹ́gùn ìta tutù ju ilẹ̀ lọ, orí páìpù á wá dà bí ìdérí ìkòkò. Gáàsì tó wà lókè á di omi, á ṣàn lọ sísàlẹ̀. Níbẹ̀ á gba ooru lọ́wọ́ ilẹ̀, á tún di gáàsì, á gòkè padà. Báyìí ni yóò máa ru ooru kúrò lábẹ́ ilé láti alẹ́ dòwúrọ̀, láìlo iná mànàmáná kankan. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí ìta móoru, ó dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tan án, kò sí ẹni tó ń pa á. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ilé kíkọ́, mi ò tíì rí ohun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Ilé nìkan kọ́. Ní Iqaluit, ọ̀nà tí bàálù ń gbà yí lọ sí ibi tí yóò ti gbéra bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ọ̀dà ojú rẹ̀ ń sán. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lọ tú fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ti yà láti òkè jáde. Wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú ibi tó ń rì náà jẹ́ ojú odò kéékèèké àti adágún omi tí wọ́n dí pa nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀nà bàálù. Àwa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Odò tibẹ̀ yẹn ò gbàgbé. Ó kàn dúró de ìgbà tí ọ̀dà máa pàdé rẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán aláràbarà tẹ́mínà tuntun wá síwájú yín, ẹ bi í pé ta ló gbẹ́lẹ̀ wò, ihò mélòó ló gbẹ́, kí ló rí nínú wọn. Bí kò bá ní èsì, àwòrán ló gbé wá, kò tíì gbé ilé wá.

Egungun àti atẹ́gùn ní Saint Helena

Erékùṣù kékeré kan wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso: Saint Helena. Kí wọ́n tó ní pápákọ̀, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ń so wọ́n mọ́ Cape Town, ìrìn ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tuntun pátápátá ni pápákọ̀ tiwọn, kì í ṣe àtúnkọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa.

Àkọ́kọ́: láàárín 2007 sí 2008, nígbà tí wọ́n ń múra ọ̀nà tí yóò gbé ẹrù iṣẹ́ láti etíkun lọ sí ibi pápákọ̀, wọ́n gbẹ́lẹ̀ ní àfonífojì Rupert, wọ́n sì bá egungun ènìyàn 325 pàdé. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n. Láti 1840 ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì ń sọ̀ wọ́n sí erékùṣù náà. Àìsàn àti ìyà inú ọkọ̀ ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn tán kí wọ́n tó débẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. August 2022 ni wọ́n tó padà sin àwọn 325 náà. Iye ọdún tí egungun wọn fi wà nínú àpótí, nígbà tí bàálù ti ń bà sórí erékùṣù, ẹ fúnra yín ẹ rò ó. Bí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé ìwádìí ilẹ̀ ń fi àsìkò ṣòfò, ẹ rántí àfonífojì yẹn.

Èkejì: wọ́n ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù 285 owó pọ́n-ùn, wọ́n ti fi ọjọ́ ìṣílé sí May 2016, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé atẹ́gùn tó ń gba orí òkè náà kọjá máa ń yí padà lójijì nígbà tí bàálù bá fẹ́ bà. Wọ́n sún ìṣílé síwájú. October 2017 ni bàálù èrò àkọ́kọ́ tó ń na ọ̀nà náà déédéé tó bà síbẹ̀ láti Johannesburg, bàálù tó kéré ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí lọ. Atẹ́gùn náà ti wà níbẹ̀ kí àkítẹ́ẹ̀tì kankan tó débẹ̀. Ní ilẹ̀ yìnyín bíi Iqaluit, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn kan ilẹ̀kùn pàápàá: bí ẹ bá kọjú ilẹ̀kùn sí apá tí kò yẹ, òjò dídì á gbá jọ síbẹ̀ lóru, òwúrọ̀ á sì bá òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì níwájú ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí.

Ẹ má ka ọdún, ẹ ka wákàtí

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ní èrò báyìí-báyìí ló ń kọjá lọ́dún, ilé náà sì gbọ́dọ̀ tóbi tó báyìí. Ká ní pápákọ̀ kan ń gba 100,000 èrò lọ́dún. Pín in sí ọjọ́ 365, nǹkan bí 274 ló kàn ọjọ́ kan. Pín ìyẹn sí wákàtí 24, kò tó ènìyàn méjìlá. Ṣé ilé ènìyàn méjìlá lẹ máa kọ́? Ní pápákọ̀ ìlú jíjìn, gbogbo bàálù ló máa ń dé pọ̀, torí wọ́n ń gba èrò lọ́wọ́ ara wọn: èyí tó ti ìlú ńlá dé ń gbé ènìyàn fún àwọn kéékèèké tó ń lọ sí ìletò. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, igba ènìyàn á kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé á dá wáí bí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Tuesday títí di ìrọ̀lẹ́. Wákàtí tó kún jù yẹn ni wọ́n fi ń wọn ilé, kì í ṣe ọdún.

Bàálù ń já kulẹ̀ nígbà tí ìjì yìnyín bá ń jà, àwọn èrò ọjọ́ Monday á sì bá ti ọjọ́ Tuesday pàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ká máa ka ìjókòó bí ẹni tó ń ka ibùsùn. Ibi tí ìyá ọmọ lè na ọmọ rẹ̀ sí, ibi tí ènìyàn ti lè gba iná sí fóònù, ibi tí wọ́n ti ń ta tíì gbígbóná ní aago mọ́kànlá òru.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ara. Ní Nunavut, ẹni tó bá ń lọ sí ìhà gúúsù, bíi Ottawa, gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá bíi ti Ìkejà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ láti ìletò kan sí òmíràn nínú Nunavut kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ ìyá méjì lè jọ wọlé, kí ọ̀kan gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá, kí èkejì máa rìn lọ wẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ tún pàdé lẹ́yìn àyẹ̀wò, torí èyí tí wọn ò yẹ̀ wò lè kó nǹkan lé èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ya àwòrán ilé kékeré yóò lágùn lórí èyí: ilẹ̀kùn méjì, gbọ̀ngàn méjì, ilé ìtọ̀ méjì, òṣìṣẹ́ kan náà.

Ẹrù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń lo Boeing 737 tó ń gbé ẹrù níwájú, èrò lẹ́yìn, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n lè sún síwá sẹ́yìn láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹrù ọjọ́ náà bá ti tó. Èrò ń wọlé láti ìdí bàálù. Mílíìkì, ẹyin, tòmátì àti táyà ń wọlé láti iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé ń fi ẹran àti ẹja dídì ránṣẹ́ sí ara wọn nínú kúlà, bí ìyá ṣe ń fi gààrí àti èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bí bẹ́líìtì ẹrù bá há jù fún kúlà, tẹ́mínà náà ò tíì mọ àwọn tó ń sìn.

Àwọn aláìsàn sì ń lọ sí Ottawa fún ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ìlú kò lè ṣe, ìrìn tó ju 2,000 kìlómítà lọ. Bí Ọlọ́run bá pè wọ́n lọ́hùn-ún, pápákọ̀ yìí náà ni wọ́n ń gbà padà. Èmi ò fẹ́ rí ilé èrò kankan níbi tí pósí ti ní láti gba àárín àwọn tó wà lórí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì kọjá. Ó yẹ kí ọ̀nà rẹ̀ wà nínú àwòrán láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú yàrá kékeré tí ẹbí lè jókòó sí. Ẹ̀rù ń ba àwọn olóṣèlú láti mẹ́nu kàn án níbi ìṣílé. Kò yẹ kó ba àkítẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ọ̀tì tí wọ́n gbàgbé

Gbogbo sìmẹ́ǹtì, irin, gíláàsì àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi kọ́ ilé ní Iqaluit ń bá ọkọ̀ ojú omi wá láàárín oṣù díẹ̀ tí òkun fi ṣí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ tẹ́mínà náà, ìlú ò tíì ní èbúté gidi. Ọkọ̀ á dúró lókèèrè, wọ́n á kó ẹrù sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì dúró de ìgbà tí òkun bá kún kí wọ́n tó lè sún mọ́ etíkun. Òkun ibẹ̀ ń kún, ó sì ń fà ní ìwọ̀n tó lé ní mítà mẹ́wàá. Bí ẹni tó ń kọ ìwé ẹrù ní gúúsù bá gbàgbé páálí nọ́ọ̀tì kan, ọ̀nà méjì ló kù: kí bàálù gbé e wá ní owó gọbọi, tàbí kí iṣẹ́ dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń to ara ilé pọ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n tó dì í sínú kọ̀ǹténà.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, bàálù gbọ́dọ̀ máa bà, kó sì máa gbéra. Wọn ò lè wó ilé ìyeyè kí tuntun tó dìde. Ibòmíì nínú pápákọ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ tuntun. Ìlú tó ní títì lè sọ pé kí èrò lọ gba pápákọ̀ ìlú kejì fún ọdún kan. Ìlú tí kò ní títì kò lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí ooru ti jẹ́ ọ̀tá

Ẹnì kan lè wí pé òtútù Kánádà kò kàn wá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Baltra, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Galápagos ti orílẹ̀-èdè Ecuador. Ibẹ̀ náà, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Omi tó ṣeé mu kò sí lórí erékùṣù náà, oòrùn ń ta, ẹranko tí kò sí níbòmíì láyé sì ń rìn kiri ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ tẹ́mínà àtijọ́, wọn ò da ilé náà nù. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n tú lára rẹ̀ ni wọ́n tún lò, wọ́n sì ra páìpù irin tí wọ́n ti lò rí níbi ìwakùsà epo ní igbó Ecuador, wọ́n fi ṣe òpó ilé. Tuntun ṣí ní ìparí 2012, ó sì gba ẹ̀rí ipele wúrà LEED ní 2014 nítorí bí kò ṣe ń ba àyíká jẹ́.

Dípò kí ẹ̀rọ amúlétutù máa ké látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ṣí ògiri sílẹ̀ fún atẹ́gùn, wọ́n na òrùlé jáde kí òjìji lè bo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi òkun ni wọ́n ń yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ láti lò. Oòrùn àti atẹ́gùn ń pèsè iná.

Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń kọ́ tiwa: àpótí gíláàsì tí oòrùn ọ̀sán ń sè bí ẹ̀wà, tí jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kó tó lè tutù. Ọjọ́ tí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, ilé náà á di ààrò. Àwọn bàbá wa tó kọ́ ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti àgbàlá láàárín ti mọ ohun tí àwọn ará Baltra ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀rí fún.

Ta ló máa san án, fún ìgbà wo?

Àpapọ̀ iṣẹ́ Iqaluit tó nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là Kánádà. Ilé nìkan kọ́ ni owó náà wà fún: ọ̀nà bàálù, iná ojú rẹ̀, ilé ọkọ̀ panápaná àti ti àwọn ẹ̀rọ tó ń kó yìnyín wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá apá kan nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ aládàáni kan náà ló ya àwòrán, ló kọ́ ọ, ló wá owó, òun ni yóò sì máa bójú tó o títí di 2047. Ọgbọ́n kan wà nínú ìyẹn: ẹni tó mọ̀ pé òun ló máa tún òrùlé ṣe lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún kò ní fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ewu kan náà wà níbẹ̀: ìjọba yóò máa san owó lọ́dọọdún fún ọgbọ̀n ọdún, yálà epo wọ́n tàbí ó pọ̀, ọmọ tí wọn ò tíì bí ló sì máa san apá kan nínú rẹ̀.

Èmi ò sọ pé irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó ilé kíkọ́ kọ́ ló ń pa pápákọ̀ kékeré, owó ìtọ́jú ni. Ẹnikẹ́ni lè rí owó mábù.

Bí wọ́n bá gbé àwòrán wá sí ìlú yín

Wọ́n á pe ìpàdé. Wọ́n á gbé àwòrán tó ní àwọn òyìnbó onísúùtì tó ń fa àpótí kọjá lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ẹ jẹ́ kí kábíyèsí àti àwọn ìjòyè kí wọn tán. Kí ìyá olóúnjẹ tó ń tà lẹ́nu géètì, awakọ̀ táàsì, nọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀lé aláìsàn, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wà níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ kí àkítẹ́ẹ̀tì tó sọ̀rọ̀. Àwọn ló mọ ibi tí omi ń dárogún sí lójú òjò. Ẹ béèrè bàálù mélòó ló ń bọ̀ báyìí, kì í ṣe mélòó ni wọ́n ń lérò pé yóò wá. Ẹ ní kí wọ́n fi àyè tí wọ́n lè fi fẹ ilé náà sí i hàn yín lórí ilẹ̀, dípò kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí àdán máa sùn nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa gbé aláìsàn láti ẹnu ọ̀nà dé ìjókòó bàálù, kí wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà náà lórí ìwé, àtẹ̀gùn kan kò gbọ́dọ̀ sí lójú rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí omi ti ń wá nígbà tí iná ò bá sí.

Kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti aago tó ń lọ jẹun.